Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ní Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Júù: Ọbẹ̀ Kò Ta, Ṣùgbọ́n Àga Wà Nílẹ̀

Ní ọjọ́ Ẹtì tí mo kọ́kọ́ dé ilé náà, mo gbé ìgò ata gbígbẹ kékeré kan sínú báàgì mi, nítorí pé ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn pé adìyẹ ibẹ̀ kì í ta, ó sì ti kìlọ̀ fún mi. N kò tíì ṣí ìdérí rẹ̀ tán tí ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó dé fìlà pélébé sí àtàrí fi sún mọ́ mi, tí ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé kí n jọ̀wọ́ dá a padà sínú báàgì, torí pé ohun tí wọn kò bá yẹ̀ wò kì í wọ yàrá ìjẹun náà. Ojú tì mí. Kí n tó rí ohun tí mo máa sọ, ó ti fa àga kan fún mi, ó ní kí n jókòó, ó béèrè orúkọ mi, ó sì tún un pè ní ẹ̀ẹ̀mẹta títí ó fi pè é bó ṣe yẹ. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń lọ síbẹ̀ láti ìgbà náà, kì í ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó kí n lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń bọ̀ wá kàwé ní Amẹ́ríkà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa bá ọmọ Júù gbé yàrá, tí yóò sì pè yín lọ́jọ́ kan pé kí ẹ wá jẹun.

Ohun tí mò ń yẹ̀ wò yìí kì í ṣe ilé oúnjẹ bí èyí tí ẹ mọ̀. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Júù ni, ilé alájà mẹ́ta tí ó wà lẹ́bàá ọgbà yunifásítì, níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà, tí wọ́n ti ń kàwé, tí wọ́n sì ti ń gbọ́ oúnjẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ yòówù tí ó bá wá ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ọjọ́ ìsinmi wọn, Ṣábáàtì, bá wọlé. N kò ní dárúkọ yunifásítì náà, nítorí pé mo ní ẹ̀sùn láti kà, n kò sì fẹ́ kí ẹni tí ó fún mi lóúnjẹ rò pé ẹ̀gbin ni mo fi san án.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Amẹ́ríkà, Hillel sì ni orúkọ tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Orúkọ amòye kan tí ó gbé ní Jerúsálẹ́mù láyé àtijọ́ ni. Yunifásítì Illinois ní Urbana-Champaign ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1923, ní àsìkò tí nǹkan kò rọgbọ fún àwọn ọmọ Júù ní ilé ẹ̀kọ́ gíga: ní ọdún 1922, A. Lawrence Lowell tí ó jẹ́ ààrẹ Harvard ti ń wá ọ̀nà tí yóò fi dín iye wọn tí ó ń wọlé síbẹ̀ kù, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì wà tí kì í gbà wọ́n. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nínú ìtàn náà ni pé Kristẹni kan, ọ̀jọ̀gbọ́n Edward Chauncey Baldwin tí ó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ níbẹ̀, wà lára àwọn tí ó rọ àwọn àgbà Júù pé kí wọ́n wá nǹkan ṣe, nítorí ó rí i pé àwọn ọmọ Júù tí ó jókòó síwájú rẹ̀ kò mọ ìwé àwọn baba ńlá wọn. Rábì ọ̀dọ́ kan, Benjamin Frankel, ni ó tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1924, B'nai B'rith, ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwọn Júù, gbé ìnáwó rẹ̀ ka èjìká. Frankel kò pẹ́ láyé, ọdún 1927 ni ó kú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò bá a kú, nítorí pé Abram Sachar tẹ̀ síwájú níbi tí ó fi í sí, kí òun fúnra rẹ̀ tó wá di ààrẹ àkọ́kọ́ fún Yunifásítì Brandeis ní ọdún 1948. Lónìí, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí Hillel ń bá ṣiṣẹ́ ju 800 lọ.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé òun ni òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn irú ilé wọ̀nyí. Kì í ṣe ẹni tí ó ti mọ orin láti ilé ni wọ́n torí rẹ̀ dá wọn sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí alẹ́ náà ṣe máa ń rí. Kí oòrùn tó wọ̀ ni wọ́n ti ń tan àbẹ́là, ní bí ìṣẹ́jú 18 ṣáájú, èyí tí ó túmọ̀ sí pé nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí ilẹ̀ máa ń ṣú kí aago márùn-ún tó lù, ẹ ó rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń sáré jáde láti yàrá ìwádìí bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àdúrà, yàrá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ti ń gbà á, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀ka ẹ̀sìn Júù kan: àwọn ọmọ Reform ń ta gìtá nínú tiwọn, àwọn Conservative wà ní àjà kejì, àwọn Orthodox, tí wọ́n di òfin àtijọ́ mú jù, sì fi aṣọ dá yàrá tiwọn sí méjì, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì. Yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ bá Ọlọ́run, nígbà tí ó bá sì di àsìkò oúnjẹ, gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sídìí tábìlì kan náà. Ìyẹn gan-an ni ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ níbẹ̀. Mo dàgbà sí àdúgbò tí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin wà ní òpópónà kan, tí àwọn ọmọ ìjọ wọn kì í sì í jẹ oúnjẹ ọdún ara wọn.

Wọ́n á kọrin kí àwọn áńgẹ́lì káàbọ̀, wọ́n á sì kọ orí 31 nínú ìwé Òwe lórin fún àwọn obìnrin ilé, orí kan náà tí wọ́n máa ń kà nílé wa tí wọ́n bá ń sin ìyá àgbà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún, nítorí pé ibi ìsìnkú màmá bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Lẹ́yìn orin ni àdúrà lórí wáìnì, tí ẹni tí kò bá mu ọtí sì máa ń rí omi èso àjàrà mu dípò rẹ̀. Lẹ́yìn wáìnì ni ọwọ́ fífọ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti kọ́kọ́ ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ife elétí méjì ni wọ́n ń lò. Ẹ ó bu omi sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ ó bu sí ti òsì, ẹ ó sọ gbólóhùn àdúrà kan, láti ìgbà náà títí ẹ ó fi fi búrẹ́dì kan ẹnu, ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Èmi kò mọ̀. Mo fọwọ́ tán, mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bóyá ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni ó ń kọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó mi orí, kò fọhùn. Mo tún béèrè. Ó tún mi orí. Mo ti ń rò pé bóyá mo ti ṣẹ̀ ẹ́ kí n tó kíyè sí i pé bí 100 ènìyàn ni ó wà nínú yàrá náà, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì sọ̀rọ̀, tí wọ́n kàn ń kùn orin aláìlọ́rọ̀ kan nímú.

Búrẹ́dì méjì ni wọ́n máa ń fi aṣọ bò sórí tábìlì, ní ìrántí mánà tí ó máa ń rọ̀ ní ìlọ́po méjì ní ọjọ́ kẹfà nínú aginjù. Hálà ni wọ́n ń pè é. Ẹyin wà nínú rẹ̀, ó dùn díẹ̀, dídì ni wọ́n sì dì í bí irun. Wọ́n á fi iyọ̀ kàn án, wọ́n á ya á kiri. Bí ó bá jẹ́ pé hálà nìkan ni mo ń fún ní máàkì, ìràwọ̀ márùn-ún ni n ó fún un láìrònú. Ọbẹ̀ omi adìyẹ náà gbóná, ó sì mọ́, àwọn ìṣù róbótó tí wọ́n fi àkàrà àìwú lílọ̀ pò sì léfòó sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹni tí ó sè é ń gbààwẹ̀ ata. Adìyẹ yíyan rẹ̀ máa ń gbẹ, nítorí pé láti kí oòrùn tó wọ̀ ni ó ti wà lórí irin gbígbóná. Òfin wọn kò gbà kí wọ́n dá iná tàbí kí wọ́n se nǹkan lẹ́yìn ìgbà náà. Èyí tí wọ́n fi pòtétò rírin àti ẹyin pò, tí wọ́n sì yan títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi pọ́n, ni kí ẹ tètè bù kí ó tó tán. Ẹ má ṣe wá bọ́tà láti fi sí búrẹ́dì, ẹ má sì béèrè mílíìkì fún tíì yín, nítorí pé níbi tí ẹran bá wà, wàrà kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ilé ìdáná wọn ní ìkòkò ti ẹran lọ́tọ̀, ó ní ti wàrà lọ́tọ̀, alábòójútó kan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó rí i dájú pé gbogbo nǹkan jẹ́ kóṣà, ìyẹn ni pé ó bá òfin oúnjẹ wọn mu. Fún ọmọ tí wọ́n fi òfin oúnjẹ yìí tọ́ dàgbà, kò sí ibòmíràn nínú ọgbà náà tí ó ti lè jẹ ẹran láìkọminú.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, nítorí pé òun ni mo fi mọ ohun tí ilé náà wà fún ní ti gidi. Júù ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kì í ṣe Júù. Nílé wọn, wọ́n máa ń tan àbẹ́là Hánúkà, ọdún àwọn Júù kan, wọ́n sì máa ń gbé igi Kérésìmesì kalẹ̀ nínú pálọ̀ kan náà. Orúkọ ìdílé rẹ̀ kò fi ẹni tí ó jẹ́ pamọ́, ó débi pé láti ìgbà tí ó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ti máa ń pè é ní Júù, tí àwọn kan sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, síbẹ̀ kò mọ ìlà kan nínú àdúrà wọn. Odindi sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó fi ń kọjá níwájú ilé náà láìwọlé. Ohun tí ó sọ fún mi ni pé ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má béèrè nípa ìyá òun.

Ẹ̀rù náà ní ìdí. Òfin àtijọ́ wọn, èyí tí àwọn Orthodox àti Conservative dì mú, sọ pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ti ń gba ìran Júù. Ní ọdún 1983 ni àwọn rábì Reform ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé ọmọ tí bàbá nìkan jẹ́ Júù náà lè jẹ́ Júù, bí ó bá ti ń gbé ìgbé ayé wọn. Mo rántí bí ó ṣe ṣòro fún mi láti lóye rẹ̀, nítorí pé ní ọ̀dọ̀ tiwa, ilé baba ni ọmọ ń jẹ́, oríkì baba rẹ̀ ni wọn ìbá sì ti kì fún un kí ó tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Ó wọlé nígbẹ̀yìn, èmi ni mo sì bá a lọ, pẹ̀lú ìgò ata mi. Ẹnikẹ́ni kò béèrè nípa ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n béèrè ni bóyá ó lè wá bá wọn pò ìyẹ̀fun ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí ó ń bọ̀, nítorí pé ọwọ́ kò tó. Àwa méjèèjì ni a lọ. Ìsọ̀ onídìrí ni ìyá mi ní ní Mọ̀kọ́lá, n kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń di irun níbẹ̀, nítorí náà nígbà tí mo rí i bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀ka mẹ́ta dì hálà, tí wọ́n sì ní oníẹ̀ka mẹ́fà ń dà wọ́n lójú rú, mo fọ ọwọ́ mi, mo sì dì í fún wọn. Ẹ ó gbé èyí tí ó wà lọ́tùn-ún pátápátá kọjá lórí méjì, ẹ ó ki í bọ abẹ́ ọ̀kan, ẹ ó tún gbé e kọjá lórí méjì, lẹ́yìn náà ẹ ó padà sí ọ̀tún. Ìyẹ̀fun rọ̀ ju irun lọ, kì í sì í ké pé ó ń dun òun. Alábòójútó ni ó tan ẹ̀rọ ìyan-búrẹ́dì náà fúnra rẹ̀, bí òfin wọn ṣe wí, ó sì gé ìṣù kékeré kan kúrò lára ìyẹ̀fun náà tí wọ́n sun, ní ìrántí ìpín tí ó jẹ́ ti àwọn àlùfáà láyé ìgbà tí Tẹ́ńpìlì ṣì wà. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lórí búrẹ́dì, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá fọwọ́ tọ́ ọ̀kan, ó sì sọ fún ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, “Èyí ni mo dì.” N kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀nà míràn tún wà, ìyẹn ilé Chabad. Àwọn Hasidi ẹ̀ka Lubavitch, ọ̀wọ́ kan nínú àwọn Orthodox, ni ó ni í, Yunifásítì California ní Los Angeles (UCLA) ni wọ́n sì ti ṣí àkọ́kọ́ irú ilé náà ní ọdún 1969. Ilé gbígbé rábì àti ìyàwó rẹ̀ ni ẹ ó ti jẹun, àwọn ọmọ wọn á sì máa sá kiri lábẹ́ tábìlì. Èmi ti jẹun ní ọ̀kan. Ọbẹ̀ wọn dára ju ti ilé ńlá lọ, ẹ ó sì rò pé ilé ẹ̀gbọ́n yín ni ẹ lọ. Ọkùnrin kì í bọ ìyàwó rábì lọ́wọ́, rábì náà kì í sì í bọ obìnrin lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá kúnlẹ̀ tàbí tí ó tẹrí ba ti bọ́ lọ́wọ́ ìdààmú yẹn, àṣà wa sì gbè wá níbẹ̀. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá bi ìyàwó rábì náà léèrè bóyá Júù ni òun ní ojú tiwọn. Ìyàwó rábì kò purọ́ fún un. Ó ní rárá, àfi bí ó bá gba ọ̀nà ìyípadà sí ẹ̀sìn Júù, ó sì tún bu ọbẹ̀ sí àwo rẹ̀. Inú ọ̀rẹ́ mi bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, síbẹ̀ ó sọ fún mi pé òun bọ̀wọ̀ fún obìnrin náà, nítorí pé kò fi ọ̀rọ̀ dídùn tan òun jẹ.

Ó wá ku ẹ̀sùn. Èyí tí ó tóbi jù ni ti ìwé orin. Lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n máa ń kọ àdúrà ìdúpẹ́ gígùn kan, àwọn tí wọ́n jọ lọ sí àgọ́ ìsinmi ọmọdé àti àwọn tí wọ́n ti lo ọdún kan ní Ísírẹ́lì á sì máa lu tábìlì, wọ́n á máa fò láti ibi kan sí ibòmíràn nínú orin náà, nígbà tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á jókòó bí àlejò níbi ìkómọ. Ìwé tí ó ní lẹ́tà Hébérù nìkan ni ó pọ̀ lórí tábìlì. Èyí tí wọ́n fi lẹ́tà ABD kọ kò ju mẹ́fà tàbí méje lọ nínú gbogbo yàrá. Fún ilé tí ìran rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nítorí àwọn tí kò mọ̀, àléébù ńlá ni èyí, kò sì gba owó púpọ̀ láti tún un ṣe. Èkejì ni ti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo mọ ìdí tí ó fi wà níbẹ̀: ní ọdún 2018, ẹnì kan yìnbọn pa ènìyàn 11 nínú sínágọ́gù Tree of Life ní Pittsburgh, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 tí Hamas kọlu Ísírẹ́lì sì ni ààbò irú ilé wọ̀nyí ti tún le sí i. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó tú báàgì mi, ó sì bi mí pé kí ni mo wá ṣe, nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun tí ó wà lẹ́yìn mi ń wọlé láìsí ìbéèrè. Olùdarí ilé náà pè mí ní ọjọ́ Ajé, ó tọrọ àforíjì, wọ́n sì fi orúkọ mi sínú ìwé ẹnu ọ̀nà. Mo gbà á, síbẹ̀ mo ń rò ó pé kí ni ọmọ Júù tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ń rí lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì náà máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ níbẹ̀. Hillel ní ìlànà nípa irú àwọn tí ilé rẹ̀ lè bá ṣe ètò lórí ọ̀rọ̀ náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga Swarthmore sọ ní ọdún 2013 pé àwọn kò ní tẹ̀lé ìlànà yẹn, wọ́n sì pa orúkọ Hillel tì ní ọdún 2015. Lórí tábìlì tí èmi máa ń jókòó sí, mo ti rí ọmọ méjì tí wọ́n bá ara wọn jà lẹ́nu títí di aago mọ́kànlá, tí wọ́n sì jọ rìn lọ sílé. Mo tún mọ ọ̀kan tí kò padà wá mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ọ̀fẹ́ ni fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé àwọn olùrànlọ́wọ́ ni ó ń san án, ṣùgbọ́n kí ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí Ọjọ́rú tó parí. Ẹ pa fóònù yín mọ́, ẹ má ya fọ́tò, ẹ má kọ̀wé. Ẹ kí wọn ní “Shabbat shalom”, èyí tí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí “Ẹ kú ìsinmi”. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ilé náà, ọ̀kan tí mo yọ sì jẹ́ ti ìwé orin.

Ní sáà yìí, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ni ó ń jókòó sí tábìlì àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní. Ó ti fi owó ara rẹ̀ tẹ 20 ẹ̀dà àdúrà ìdúpẹ́ náà ní lẹ́tà tí wọ́n lè kà, bí orin bá sì ti ń lọ, ẹ ó rí i tí ó ń fi ìka tọ ìlà fún ẹni tí ó jókòó tì í. Ní ti ọ̀dọ́kùnrin tí ó ní kí n gbé ata mi padà, kí ó tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ní oṣù Karùn-ún, ó ra ìgò ata kan tí àmì U inú òbìrí wà lára rẹ̀, àmì pé kóṣà ni, ó gbé e ka iwájú mi, ó sì pe orúkọ mi láìṣì í pè. Ata náà kò ta tó ti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó ta díẹ̀.